Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Orúkọ Féichín Dá

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún Féichín Ó Cluanáin. Ilé rẹ̀ wà lókè, lẹ́yìn ilé ìwé. Ọ̀nà ibẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n lójú mi, ó dà bíi pé ẹnìkan máa ń wá fà á gùn sí i lọ́dọọdún. Orúnkún mi ń dùn mí. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, Féichín ti di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, kò sì sí ẹni tó mọ èwo nínú wa ló máa kọ́kọ́ jáwọ́. Àwọn ará Inis Bearnáin máa ń sọ pé èmi ni mo láàánú jù lọ lórí erékùṣù yìí. Fádà tilẹ̀ ti sọ ọ́ lórí pẹpẹ lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹjú mọ́ bàtà mi títí ó fi kọjá sórí ọ̀rọ̀ míràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tó fa gbogbo wàhálà yìí. Féichíneacht. Bí ọkùnrin mẹ́ta bá jókòó sínú ọkọ̀, tí olúkúlùkù mú àjẹ̀ méjì dání, tí ọ̀kan nínú wọn ń tẹ̀ síwájú tó ń tẹ̀ sẹ́yìn, tó ń ti àjẹ̀ bọ omi nígbà tí àwọn yòókù ń ti tiwọn bọ̀ ọ́ náà, ṣùgbọ́n tí kò fa nǹkan kan, féichíneacht ló ń ṣe. Àjẹ̀ tiwa tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀ nísàlẹ̀ bíi ti àwọn ará ibòmíràn, nítorí náà èèyàn lè ṣe é láti àárọ̀ dalẹ́ kí àṣírí má tú. Kò sí èébú tó burú tó èyí nínú ọkọ̀. Wọ́n lè pe èèyàn lólè lónìí kí wọ́n sì jọ mutí lọ́la. Ẹni tí wọ́n bá sọ pé ó ń ṣe féichíneacht, wọn kò ní bá a jókòó sínú ọkọ̀ mọ́ láyé.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà gun òkè wá bá wa nílé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó fara ti ṣọ́bìrì lójú títì ń ṣe féichíneacht. Ọkọ tó ń ro ọbẹ̀ nítorí pé àlejò wà nílé ń ṣe féichíneacht. Ọmọ ilé ìwé tó ń ya ẹnu láìkọrin ń ṣe é, fádà tó bá ń kánjú ka àdúrà ń ṣe é. Ọmọ mi obìnrin kọ̀wé sí mi láti Boston pé ọ̀gá àwọn níbi iṣẹ́ kò mọ nǹkan míràn ju féichíneacht lọ, pé òun ti kọ́ àwọn ará Poland tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ti ń lò ó. Bí ó ṣe dé Amẹ́ríkà nìyẹn.

Ibì kan ṣoṣo ló wà tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ ọ́, níwájú Féichín Ó Cluanáin ni. Àwọn ọmọdé kò mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àwa àgbà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní aláàánú, nítorí ikú ìyá mi ló bí ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Túsìdeè ìgbà ẹ̀rùn tó kọjá, tíṣà wa, Antaine Mac an Iomaire, wọlé wá bá mi ní kíṣìnì. Cóilín Pheadair, aládùúgbò mi, ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ó ń mu tíì mi bó ṣe máa ń mu ún láràárọ̀ látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tún dé."

"Mo rí i pé o tún dé. Nu bàtà yẹn kó o tó wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ni."

"Tíṣà," Cóilín sọ, "ìwé yẹn ò tíì kún? Gbogbo ọ̀rọ̀ tá a ní lo ti kó tán. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọwọ́ la ó máa jù síra wa."

"Ó ku ẹyọ kan péré, Bàbá Cóilín."

Àwọn kan wà ní Dublin tí wọ́n ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá, Antaine ló sì ń bá wọn kó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà jọ lọ́dọ̀ tiwa. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè orúkọ igi tí àjẹ̀ ń dùbúlẹ̀ lé, orúkọ ibi ìjókòó, orúkọ ohun tí a fi ń gbọ́n omi. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń fẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ìtumọ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń lò ó, àti ibi tó ti wá. Ìwé náà máa bá ọkọ̀ lẹ́tà lọ lọ́jọ́ Ẹtì.

"Féichíneacht ló kù," ó sọ. "Mo ti ní ìtumọ̀ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lò ó, mo ti kọ ojú ìwé méjì, mi ò tíì dáwọ́ dúró. Ibi tó ti wá ni mi ò rí."

Cóilín wò mí. Mo wo kẹ́tùrù.

"Ọ̀dọ̀ ẹni mímọ́ Féichín ló ti wá," Cóilín sọ. "Ṣé o ò mọ̀ ni? Wọ́n ní nígbà tó ń bọ̀ níbí wá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di àjẹ̀ mú bíi tàwọn yòókù, àmọ́ àdúrà ló ń gbà ní tiẹ̀. Àwọn áńgẹ́lì ló ń bá a fa ọkọ̀. Àwọn tó kù ń làágùn, ara tiẹ̀ gbẹ táútáú."

Antaine ti ń kọ ọ́. "Èyí dáa gan-an. Àwọn ará Dublin á fẹ́ràn ẹ̀."

"Wọ́n á kúkú fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tí ò wa ọkọ̀ rí, kì í ṣòro fún un láti gba áńgẹ́lì gbọ́."

Antaine rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó fi bírò lu eyín rẹ̀. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, ìyẹn ló mú kí ọkàn mi má balẹ̀ sí i. "Ohun kan wà tó ń dà mí láàmú o. Tíṣà tó wà níbí kí wọ́n tó bí yín kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀. Mo rí ìwé ẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwé. Ó lé ní igba ọ̀rọ̀, féichíneacht ò sí níbẹ̀. Ẹni mímọ́ sì ti kú tipẹ́tipẹ́. Níbo wá ni ọ̀rọ̀ yẹn fara pa mọ́ sí látọjọ́ yìí?"

Antaine pa ìwé rẹ̀ dé.

"Mo ní kí n kúkú lọ bi Bàbá Féichín lókè. Òun ló dàgbà jù, òun ló tún ń jẹ́ orúkọ yẹn."

Cóilín gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Má lọ síbẹ̀," mo sọ.

"Kí ló dé, Màmá?"

"Ara bàbá ò le. Fún mi di Ọjọ́bọ̀, èmi náà á bi wọ́n tí mo bá gbé oúnjẹ lọ. Mo ti mọ́ wọn lára."

Ó gbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tiẹ̀ pè mí ní aláàánú. Nígbà tó jáde tán, Cóilín fún ara rẹ̀ ní tíì míràn láìtọrọ.

"Baibín, jẹ́ kí ẹni mímọ́ gbé e. Kò ní wúwo jù fún un. Féichín á sinmi, ìyá ẹ náà á sinmi nínú ilẹ̀."

"Mo gbọ́."

"O ti ṣe tó fún ọkùnrin yẹn. Ẹni tó pa ìyá ẹni, tá a tún ń se pòtétò fún. Èmi ò lè ṣe é láéláé."

"Mo ní mo gbọ́, Cóilín. Mu tíì ẹ kó o máa lọ sílé."

Bí gbogbo erékùṣù ṣe mọ ìtàn náà rèé. Ní oṣù kẹta ọdún 1911, ìyá mi, Neansaí, ń rọbí mi. Ó tó ọjọ́ méjì. Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ kẹta, agbẹ̀bí sọ pé ó kọjá agbára òun, kí wọ́n lọ gbé dókítà wá láti òdìkejì omi. Ọkùnrin mẹ́ta ló lọ. Féichín jókòó nídìí ọkọ̀, ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Peadar, bàbá Cóilín, jókòó láàárín. Bàbá tèmi, Máirtín, ló jókòó síwájú ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi ń ru koríko òkun láti etí omi gòkè kí wọ́n tó di àjẹ̀ mú, nítorí àkókò tí à ń sun ún láti ta eérú rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí à ń lọ la máa ń kẹ́yìn sí tí a bá ń wa ọkọ̀. Ẹni tó wà nídìí kò rí ẹnikẹ́ni àyàfi èrò tó bá jókòó níwájú rẹ̀. Ẹni àárín ń rí ẹ̀yìn ẹnìkan. Ẹni iwájú ọkọ̀ ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ń rí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì rí òun. Nítorí pé àjẹ̀ méjìméjì ló wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, bí ẹnìkan bá jáwọ́, ọkọ̀ kò ní yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ó kàn máa falẹ̀ ni.

Wọ́n yára dé òdìkejì. Wọ́n gbé dókítà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, afẹ́fẹ́ dìde sí wọn, omi náà sì ń fà sẹ́yìn lòdì sí wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀kánkán Àpáta Dúdú, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bàbá mi pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Féichín, ò ń wẹ àjẹ̀ lásán ni, fa nǹkan!" Ó tún pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n gúnlẹ̀. Ìyá mi ti kú ní aago mẹ́wàá. Mo ti wà láyé ní tèmi, nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní mi ò tilẹ̀ sunkún. Dókítà fọwọ́, ó kọ ìwé, ó ní kí wọ́n wá dá òun padà.

Ní èbúté, lójú gbogbo ènìyàn, bàbá mi sọ pé Féichín ló pa ìyàwó òun, pé láti Àpáta Dúdú ni kò ti fa ohunkóhun. Wọ́n bi Peadar. Peadar ní, "Ẹ̀yìn ẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Mi ò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ." Wọ́n bi Féichín. Féichín kò fèsì. Ó dúró níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kán lọ́wọ́ àwọn méjì yòókù, ó sì wolẹ̀. Wọ́n ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sí ìjẹ́wọ́.

Kí ẹ̀rùn ọdún náà tó parí, ẹnìkan létí omi ti bi ọ̀lẹ kan pé ṣé féichíneacht ló ń ṣe ni, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó jẹ́ kí Féichín wọ ọkọ̀ mọ́. Òkúta títì ló ń fọ́ títí ó fi darúgbó, ó ń bá àwọn èèyàn wa pòtétò. Ọmọbìnrin kan wà ní abúlé ìwọ̀-oòrùn tó fẹ́ ẹ, bàbá ọmọ náà ní òun kò lè fọmọ fún ẹni tí kò lè wa òun dé ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin náà lọ sí Amẹ́ríkà.

Èmi náà dàgbà sínú ìtàn yìí. Tí mo bá ń ṣàìsàn, wọn á ní ara Neansaí ló ń jà nínú mi. Tí bàbá mi bá mutí, wọn á ní ẹ má bá a wí, ẹ rántí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kò fẹ́ ìyàwó míràn. Ó tọ́ mi dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 1944, àyà ń pa á lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọ̀ nígbà náà. Ọ̀sán ni. Mò ń fi ṣíbí fún un lọ́bẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Baibín, èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mi ò fà á. Apá mi kú. Látibi Àpáta Dúdú ni apá mi ti kú. Mò ń tì í bọ omi, mò ń yọ ọ́, kò sóhun tó ń lọ lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ yẹn ń fa ní tiẹ̀. Mo rí ẹ̀yìn ẹ̀, aṣọ ẹ̀ ti ya léjìká. Òun àti Peadar ló gbé ọkọ̀ yẹn délé."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi pariwo mọ́ ọn?"

"Mi ò mọ̀. Ẹnu mi ló pariwo. Mo rò pé tí mo bá pariwo, apá mi á jí. Nígbà tá a wá débẹ̀ tí wọ́n sọ fún mi pé ó ti kú, mi ò lè jẹ́ kó jẹ́ èmi."

Kò bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Kò bẹ̀ mí pé kí n sọ. Ó yíjú sí ògiri, ọbẹ̀ náà sì tutù lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé àwọn kan dúró síta nínú òjò. Féichín wà lára àwọn tó dúró síta.

Mo ní kí n sin bàbá mi tán ná. Mo tún ní kí a ṣe Máàsì oṣù kan tán. Mo tún ní kí Àjíǹde kọjá. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí, mo bímọ méjì tó ń jẹ́ orúkọ bàbá mi níbi gbogbo, nítorí ọmọ-ọmọ Máirtín ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ẹnu mi kò là. Ohun tí mo ṣe ni pé mo se pòtétò, mo bu ẹja sí i, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e gòkè. Féichín ṣílẹ̀kùn, ó wò mí bí ẹni tó rí ọlọ́pàá.

"Ọmọ Máirtín, kí lo wá ṣe?"

"Oúnjẹ ló pọ̀ jù nílé."

Ó gbà á. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń pọ̀ jù nílé mi.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni mo ṣe ń sùn. Mò ń sùn nítorí pé mo ti sọ fún ara mi pé Féichín mọ̀. Ta ló máa fa àjẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó tí kò ní mọ̀ pé òun fà á? Mo gbà pé ó mọ̀, pé ó mọ ẹni tó purọ́, pé ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú nítorí ọmọ jòjòló tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Mo ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sí ọlá. Kí wá ni màá sọ fún un tí kò mọ̀? Mo fi èyí tu ara mi nínú fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ṣùgbọ́n ìwé Antaine kò jẹ́ kí n gbádùn lọ́jọ́rú. Ohun tí Cóilín sọ dùn mọ́ mi nínú, òótọ́ ni. Kí ẹni mímọ́ gbé e, kí àwọn ará Dublin tẹ̀ ẹ́, kó parí. Bàbá mi á wà bó ṣe wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Àmọ́ Féichín máa kú láìpẹ́, ó hàn lára rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé Máirtín tó tíì wò ó lójú kó sọ fún un pé, ẹ̀yin kọ́. Bó bá tilẹ̀ mọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó gbọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, mo se pòtétò àti ẹja oníyọ̀, mo fi bọ́tà sí i, mo bu wàrà sínú ìgò. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Féichín wà nídìí iná, fìlà rẹ̀ wà lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bó ṣe máa ń jẹ ẹ́, ó kọ́kọ́ bó èèpo pòtétò gbogbo tán kó tó fẹnu kan ọ̀kan.

"Tíṣà ń kó ọ̀rọ̀ jọ," mo sọ.

"Mo gbọ́. Ó wá bi mí nípa ọkọ̀ nígbà kan. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀."

"Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó ń wá ìdí ẹ̀."

"Èwo?"

Mi ò lè pè é. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń fọwọ́ nu etí aṣọ mi.

"Féichíneacht," òun fúnra rẹ̀ sọ. Mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ èyíkéyìí. "Sọ fún un kó kọ ọ́ bó ṣe rí. Orúkọ mi ni. Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá."

"Kí lo sọ?"

"Ẹ̀yin kọ́. Bàbá mi ni. Àwọn ni apá wọn kú. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ fún mi."

Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Iná ń dún díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ó máa sọ pé òun mọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún un, mo ti mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn.

"Kí ni Máirtín sọ gan-an?"

Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ, láti Àpáta Dúdú títí dé èbúté, mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Nígbà tí mo dé ibi aṣọ tó ya léjìká, ó gbé ọwọ́ sí èjìká rẹ̀ ọ̀tún.

"Ó ní mò ń fà á?"

"Ó ní ẹ̀ ń fà á. Ó ní ẹ̀yin àti Peadar lẹ gbé ọkọ̀ yẹn délé."

Ó gbé ọwọ́ náà kúrò léjìká.

"Mi ò rántí. Ó ti rẹ̀ mí jù. Látibi àpáta yẹn, mi ò rántí nǹkan kan. Dókítà ló wà níwájú mi, mò ń wo bọ́tìnnì kóòtù ẹ̀, mò ń kà wọ́n. Ìgbà tí Máirtín pe orúkọ mi, mo ta gìrì. Mo ní háà, mo ti sùn lọ nìyẹn. Èèyàn ò lè rí ẹ̀yìn ara ẹ̀. Òun ló ń rí i. Mo ní bóyá òótọ́ ni. Nígbà tó yá, mi ò sọ pé bóyá mọ́."

"Bàbá."

"Gbogbo ìgbà tí mo bá rí ẹ, látìgbà tó o ti ń rákò lẹ́nu ọ̀nà yín, mo máa ń sọ fún ara mi pé, wo ọmọ tó o pa ìyá ẹ̀. O bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá. Mo máa ń jẹ ẹ́, kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

"Mo rò pé ẹ mọ̀," mo sọ. "Mo fi Ọlọ́run búra, mo rò pé ẹ mọ̀."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Omijé tó yẹ kó jáde kò jáde, ó ti pẹ́ jù fún un. Mo bi í ní ohun kan ṣoṣo tí mo rí bi, pé kí ni kí n sọ fún tíṣà.

Ó rò ó. "Má dárúkọ Máirtín. Ó ti kú, àwọn ọmọ ẹ wà láyé. Ọ̀rọ̀ yẹn ò sì ní kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn mọ́, wọn ò mọ̀ pé èèyàn ló wà nínú ẹ̀. Sọ fún un kó kọ pé orúkọ ọkùnrin kan ni, pé ọkùnrin yẹn ń fa àjẹ̀ ẹ̀. Kó kọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Màá sọ fún un."

"Pé ó ń fà á."

"Màá sọ fún un, Bàbá."

Ó mi orí. Mo rò pé ó ti tán. Mo na ọwọ́ láti bá a gbé abọ́ náà súnmọ́ ọn, kó lè parí oúnjẹ rẹ̀ kó tó tutù. Kò wo abọ́ náà.

"Ìgbà wo ni Máirtín sọ ọ́ fún ẹ?"

Mo lè purọ́. Mo lè sọ pé mo rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn lásán ni, pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á gbọ́, kò ní lọ bi ẹnikẹ́ni. Ó ti rẹ̀ mí jù láti tún gbé irọ́ míràn.

"Ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó kú."

Ó kà á. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń lọ, tí ìka rẹ̀ ń tẹ orúnkún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí nígbà yẹn," ó sọ. "Mo ṣì lè wa ọkọ̀."